Ẹ̀GBÀ KAN KỌ́ NI GBOGBO Ẹ̀GBÀ: Àlàyé lórí oríṣi àrùn iṣan ìmọ̀lára àti ohun tó ń fà wọ́n



Ìfáàrà

Kò sí ọmọ awo tí kò mọ orúkọ àwọn ajogun. Bí a bá ka Ikú, tí a ka Àrùn, tí a ka Òfò, a ó ka Ẹ̀gbà mọ́ wọn. Ó yẹ kí a kíyè sí i pé àwọn baba ńlá wa kò pa Ẹ̀gbà pọ̀ mọ́ Àrùn. Wọ́n yọ ọ́ sọ́tọ̀, wọ́n fún un ní àyè tirẹ̀ láàrin àwọn ajogun mẹ́jọ. Wọ́n rí i pé ohun tó ń sọ ẹlẹ́sẹ̀ di ẹni à ń gbé, tó ń mú ọ̀rọ̀ kúrò lẹ́nu sọ̀rọ̀sọ̀rọ̀, kì í ṣe ẹgbẹ́ ibà àti inú rírun. Àwọn oníṣègùn òyìnbó náà ya àrùn ọpọlọ àti ti iṣan ìmọ̀lára sọ́tọ̀, wọ́n ní dókítà tirẹ̀ lọ́tọ̀.

Ìbéèrè tí a fẹ́ yẹ̀ wò nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé: ṣé ẹ̀gbà kan ṣoṣo ló wà? Èsì wa ni pé rárá o. Orúkọ tí à ń pe àrùn máa ń sọ ohun tí ojú rí. Kì í sábà sọ ohun tó fà á. Ẹ̀gbà ni pé ara kò ṣeé gbé. Wárápá ni pé ènìyàn ṣubú, ó ń gbọ̀n, itọ́ ń hó lẹ́nu rẹ̀. Gìrì ni pé ara ọmọ le, ojú rẹ̀ yí. Ohun tí ojú rí nìyẹn. Ohun tó wà nídìí rẹ̀ lè jẹ́ ẹ̀jẹ̀, ó lè jẹ́ oúnjẹ, ó lè jẹ́ kòkòrò àìfojúrí, ó lè jẹ́ ìṣubú lórí ọ̀kadà, ó sì lè jẹ́ ọjọ́ orí.

Kí ló kan babaláwo nínú èyí? Ó kàn án gan-an ni. Láti Àgbówó títí dé Challenge, àwa tí à ń gbé Ìbàdàn mọ̀ pé bí apá ènìyàn bá rọ lójijì, ilé awo, ilé oníṣègùn, ṣọ́ọ̀ṣì tàbí mọ́sáláásí ni ọ̀pọ̀ ẹbí ń kọ́kọ́ sáré lọ. Bí àwa tí wọ́n kọ́kọ́ bá kò bá mọ ìyàtọ̀ láàrin èyí tó lè dúró di ọ̀la àti èyí tí kò lè dúró di ọ̀sán, ọwọ́ wa ni àkókò aláìsàn náà yóò tán sí.

Kí ni ètò iṣan ìmọ̀lára?

Ọ̀rọ̀ náà "iṣan" gbòòrò púpọ̀ ní èdè wa. A ń pe ibi tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà ní iṣan. A ń pe ẹran ara tó ń ki ní iṣan. A tún ń pe fọ́nrán tó ń gbé ìmọ̀lára káàkiri ara ní iṣan. Ti ìkẹta yìí là ń sọ.

Ẹ wo bí iná mànàmáná ṣe ń wọ Bódìjà. Ibùdó kan wà tí iná ti ń wá. Láti ibẹ̀ ni wáyà ńlá ti jáde, wáyà ńlá náà pín sí kéékèèké, kéékèèké wọ ilé kọ̀ọ̀kan. Ọpọlọ ni ibùdó náà. Mùdùnmúdùn tó gba inú ọ̀pá ẹ̀yìn kọjá ni wáyà ńlá. Iṣan ìmọ̀lára ni wáyà kéékèèké tó lọ sí ojú, etí, ọwọ́, ẹsẹ̀, ọkàn àti ìfun. Bí ènìyàn bá tẹ ẹ̀gún, wáyà ló gbé ìròyìn dé ọpọlọ; bó bá gbé ẹsẹ̀ kúrò, wáyà ló gbé àṣẹ padà wá.

Ẹni tó bá mọ bí iná ṣe ń rìn yóò mọ ibi tó ti bàjẹ́. Bí ilé kan ṣoṣo bá ṣókùnkùn, wáyà ilé yẹn la ó yẹ̀ wò. Bí gbogbo àdúgbò bá ṣókùnkùn, a ó wo òkè. Bẹ́ẹ̀ náà ni ara rí:

(i) Bí apá àti ẹsẹ̀ ẹ̀gbẹ́ kan bá rọ, tí ẹnu wọ́, ọpọlọ ni kí a fura sí. Ọpọlọ apá ọ̀tún ló ń darí ẹ̀gbẹ́ òsì, ti òsì ló ń darí ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún.

(ii) Bí ẹsẹ̀ méjèèjì bá kú láti ìdí tàbí láti ìbàdí wálẹ̀, tí kò lè tọ̀ tàbí tí kò lè dá ìtọ̀ dúró, ọ̀pá ẹ̀yìn ni kí a fura sí.

(iii) Bí àtẹ́lẹsẹ̀ méjèèjì bá ń ta, tó ń jó bí iná, tàbí tó kú bí ẹni wọ ìbọ̀sẹ̀, iṣan kéékèèké ni kí a fura sí.

Ẹ rí i pé a kò tíì sọ̀rọ̀ ohun tó fà á. Ibi tó ti bàjẹ́ nìkan la ṣì ń sọ. Ẹ jẹ́ ká wá mú ohun tó ń fà á lọ́kọ̀ọ̀kan.

1. Èyí tí ẹ̀jẹ̀ fà

Èyí ni ẹ̀gbà tó pọ̀ jù láàrin àwọn àgbàlagbà nígboro lónìí, tí àwọn ọmọ wa ń pè ní sítíróòkù. Oríṣi méjì ni. Nínú ọ̀kan, ẹ̀jẹ̀ dídì dí ọ̀nà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbà lọ sí apá kan ọpọlọ. Nínú èkejì, ọ̀nà ẹ̀jẹ̀ náà bẹ́, ẹ̀jẹ̀ dà sínú ọpọlọ. Bí a bá fi ojú lásán wò wọ́n, méjèèjì jọra bí ìbejì. Ẹ̀rọ tó ń ya àwòrán inú orí ló lè yà wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni oògùn tó ń tú ẹ̀jẹ̀ dídì, tó wúlò fún ti àkọ́kọ́, yóò dá kún ti èkejì ni. Oògùn yìí kì í sì í ṣiṣẹ́ dáadáa bí ó bá ti kọjá wákàtí mẹ́rin ààbọ̀ lẹ́yìn tí ó bẹ̀rẹ̀. Ìdí nìyí tí a fi ń sọ pé ẹ̀gbà yìí kò mọ ọ̀la.

Kí ló ń fà á? Àwọn olùwádìí Nàìjíríà àti Ghana, tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Mayowa Owolabi ti Yunifásítì Ìbàdàn ṣáájú wọn, gbé iṣẹ́ SIREN jáde ní ọdún 2018. Ó lé ní 2,000 ẹni tó ní àrùn yìí tí wọ́n fi wé iye kan náà tí kò ní in. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló wà níwájú gbogbo rẹ̀ pátápátá. Ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ tó pọ̀ jù, àtọ̀gbẹ, ikùn ńlá, ẹran jíjẹ ní gbogbo ìgbà, iyọ̀ bíbù sí oúnjẹ tó ti wà nílẹ̀, àròdùn, sìgá àti àìṣe eré ìdárayá tẹ̀ lé e. Wọ́n tún rí i pé àwọn tí kì í jẹ ẹ̀fọ́ tútù dáadáa ló ń kó sí i jù. Ẹ̀fọ́ tí a ń rà lọ́jà Bódìjà kì í ṣe oúnjẹ tálákà. Ààbò ọpọlọ ni.

2. Èyí tí ohun jíjẹ àti ohun mímu fà

Níbí ni ìtàn ilẹ̀ Yorùbá ti kọ́ gbogbo ayé lẹ́kọ̀ọ́. Ọ̀jọ̀gbọ́n Benjamin Oluwakayode Osuntokun, ọmọ Òkèmẹ̀sí Èkìtì, tó gbé láyé láti 1935 sí 1995, ṣiṣẹ́ ní UCH Ìbàdàn. Ní ọdún 1968 ó kọ̀wé lórí àrùn kan tó ń ṣe àwọn àgbẹ̀ àti ìyáàgbà ní agbègbè Ìjẹ̀bú: àtẹ́lẹsẹ̀ a máa jó, ẹsẹ̀ a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́ bí ẹsẹ̀ ọ̀mùtí, ojú a máa ṣú, etí a máa di. Ó tọ́ka sí májèlé cyanide tó wà nínú ẹ̀gẹ́ tí a kò ṣe dáadáa, pàápàá fún ẹni tí kò rí ẹran, ẹja tàbí ẹ̀wà jẹ mọ́ ọn.

Òsósà, ìlú Hubert Ògúńdé, lẹ́bàá Ìjẹ̀bú-Òde, ni wọ́n ti ṣe ìwádìí yìí jù. Nígbà tí àwọn olùwádìí mìíràn padà síbẹ̀, tí wọ́n gbé àbájáde rẹ̀ jáde ní ọdún 2000, 206 ni wọ́n rí tó ní àrùn náà nínú 3,428 ènìyàn tó ti pé ọdún 10 sókè. Àwọn obìnrin ló pọ̀ jù. Ẹ má ṣe rò pé ọ̀rọ̀ náà parí síbẹ̀. Àwọn olùwádìí kan náà rí ìlú mìíràn tí wọ́n ti ń jẹ ẹ̀gẹ́ púpọ̀, tí májèlé náà sì pọ̀ lára wọn, ṣùgbọ́n tí àrùn náà kò wọ́pọ̀ níbẹ̀. Nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹ̀gẹ́ nìkan kò tíì tó láti tú gbogbo ìdí rẹ̀. Ohun tó dájú ni pé ẹ̀gẹ́ kíkorò tí a fi ìkánjú ṣe léwu. Ní ọdún 1981, nígbà ọ̀dá ní agbègbè Nampula ní Mòsáḿbíìkì, ó lé ní 1,000 ènìyàn, obìnrin àti ọmọdé ló pọ̀ jù nínú wọn, tí ẹsẹ̀ wọn le lójijì tí wọn kò sì lè rìn mọ́, nítorí ẹ̀gẹ́ kíkorò tí ebi kò jẹ́ kí wọ́n rẹ tó. Àwọn ìyá wa tó ń rẹ ẹ̀gẹ́ láfún fún ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin, tó ń jẹ́ kí gaàrì kan dáadáa kí wọ́n tó yan án, oògùn ni wọ́n ń ṣe. Ẹni tó ń fi ọjọ́ kan ṣe é nítorí owó ọjà ń dọ́gbọ́n fa májèlé.

Ẹ jẹ́ ká kúrò ní Ìjẹ̀bú lọ sí Ìkàrẹ́ ní Àkókó. Níbẹ̀, nígbà òjò, àwọn ènìyàn máa ń ṣàdédé bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, wọn a máa ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ wọn a sì máa wúwo. Bó ti ń wá lọ́dọọdún nígbà kan náà yìí lè mú kí ènìyàn sọ pé òrìṣà ló ń bínú. Ní ọdún 1993, Dókítà Adamolekun àti àwọn tí wọ́n jọ ṣiṣẹ́ tú ìdí rẹ̀: ìdin àfòpiná kan ni, tí wọ́n ń pè ní Anaphe venata, ìbátan àwọn kòkòrò tí a ń fi òwú ilé wọn hun sányán. Àwọn ènìyàn ń yan án jẹ nígbà òjò. Ohun kan wà nínú ìdin náà tó ń ba fítámì B1 jẹ́ lára, iná kì í sì í tètè pa á. Ẹni tí oúnjẹ rẹ̀ kò ní B1 tó tẹ́lẹ̀ ni ó ń mú. Bí a bá fún un ní B1, ara rẹ̀ a bẹ̀rẹ̀ sí í yá. Ẹ ò rí i! Àrùn tó jọ ti àjẹ́, fítámì ni oògùn rẹ̀.

Èyí tó yẹ kó ká wa lára jù ni ti Ìrèlè, ní ìpínlẹ̀ Oǹdó, ní oṣù kẹrin ọdún 2015. Orí bẹ̀rẹ̀ sí í fọ́ àwọn ènìyàn, ojú wọn fọ́, wọ́n dákú, wọ́n sì kú láàrin ọjọ́ kan. Ó lé ní mẹ́wàá tó lọ. Ìròyìn tó kọ́kọ́ gba ìlú ni pé àwọn kan jí nǹkan lójúbọ òrìṣà, òrìṣà sì ń jà. Nígbà tí wọ́n yẹ ọ̀rọ̀ náà wò, ògógóró tí methanol wọ inú rẹ̀ ni wọ́n bá nídìí rẹ̀. Methanol a máa pa iṣan tó so ojú mọ́ ọpọlọ. Oògùn rẹ̀ sì wà ní ọsibítù, bí a bá tètè débẹ̀. Gbogbo wákàtí tí a fi ń wá ẹni tó jí nǹkan òrìṣà, ọtí náà ṣì ń bẹ nílẹ̀, àwọn mìíràn sì ń mu ún. Àwa tí à ń ta ọtí sílẹ̀ fún irúnmọlẹ̀, tí à ń fi ọtí rẹ egbò igi, ó di dandan kí a mọ ibi tí ọtí wa ti wá.

3. Èyí tí kòkòrò àìfojúrí àti ibà fà

Àrùn yínrùnyínrùn, tó ń gan ọrùn pẹ̀lú ibà àti orí fífọ́, ń kọlu awọ tó bo ọpọlọ. Ibà ẹ̀fọn lè gun ọpọlọ ọmọdé. Tetanus ń wọlé gba ìwọ́ ọmọ tuntun tí wọ́n fi abẹ ìdọ̀tí gé; ọmọ náà kò ní lè mu ọmú, ara rẹ̀ yóò le gbagidi. Abẹ́rẹ́ tí aboyún gbà ló ń dáàbò bo ọmọ náà. Ẹ̀tẹ̀ pàápàá, àrùn iṣan ìmọ̀lára ni: iṣan ló ń pa tí ìka fi ń kú. Oògùn tó ń wò ó ti wà, ọ̀fẹ́ sì ni.

Rọpárọsẹ̀ ọmọdé ńkọ́? Kòkòrò àìfojúrí ló ń fà á, ó ń wọlé láti ẹnu, ó ń jẹ mùdùnmúdùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ní ọjọ́ 25 oṣù kẹjọ ọdún 2020 ni àjọ ìlera àgbáyé kéde pé irú kòkòrò náà tó wà láti ìpilẹ̀ṣẹ̀ ti kúrò ní Áfíríkà, lẹ́yìn tí Nàìjíríà rí ti ìkẹyìn ní Borno ní 2016. Oògùn ẹ̀kán tí wọ́n ń kán sí ọmọ lẹ́nu ló ṣe é. Ẹ wá kíyè sí èdè wa: rọpárọsẹ̀ kan náà tí à ń pe ti ọmọdé yìí ni ọ̀pọ̀ ń pe sítíróòkù bàbá ẹni ọdún 60. Orúkọ kan, ìdí méjì tí kò bá ara wọn tan rárá.

4. Gìrì àti wárápá

Gìrì kì í ṣe wárápá. Ọmọ tó wà láàrin oṣù mẹ́fà sí ọdún márùn-ún lè ní gìrì nígbà tí ara rẹ̀ bá gbóná, kí ó sì má tún ṣe é mọ́. Wárápá ni èyí tó ń padà wá láìsí ibà. Ìṣòro nígbà ìbí, ibà tó gun ọpọlọ, yínrùnyínrùn, ẹ̀yìn orí tó fọ́, aràn inú ẹran ẹlẹ́dẹ̀ tó wọ ọpọlọ, gbogbo rẹ̀ ló lè fà á. Ó sì wà tí a bá a nínú ìdílé.

Ìbàràpá jẹ́rìí sí èyí. Osuntokun àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ wo ìlú méjì tó wà nítòsí ara wọn. Ní Ìgbò-Ọrà, wárápá kò ju 5.3 lọ nínú 1,000 ènìyàn. Ní Ayétẹ̀, 37 ni nínú 1,000. Ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n, òrìṣà kan náà ni wọ́n ń bọ, ẹ̀gẹ́ kan náà ni wọ́n ń jẹ. Ohun tí àwọn olùwádìí náà tọ́ka sí ni pé Ìgbò-Ọrà ti ní ètò ìlera láti Yunifásítì Ìbàdàn láti ọdún 1963: wọ́n ń gbẹ̀bí dáadáa níbẹ̀, wọ́n ń tọ́jú ibà ọmọdé, wọ́n ń gba abẹ́rẹ́ àjẹsára. Bí a bá dáàbò bo ọpọlọ ọmọ láti ìgbà ìbí, wárápá púpọ̀ kò ní wáyé.

Itọ́ ẹni tó ní wárápá kì í ranni. Ọ̀pọ̀ ló ti ṣubú sínú iná tàbí sínú omi nítorí pé àwọn tó dúró ń bẹ̀rù àtifọwọ́ kàn án. Ẹ yí i sí ẹ̀gbẹ́, ẹ gbé nǹkan rírọ̀ sábẹ́ orí rẹ̀, ẹ má ki ṣíbí bọ̀ ọ́ lẹ́nu, ẹ má fi ẹsẹ̀ rẹ̀ sínú iná. Bí ó bá kọjá ìṣẹ́jú márùn-ún, ọsibítù ló kù. Bí a bá fún wọn ní oògùn tó yẹ, tí wọn kò sì dá a dúró, nǹkan bíi méje nínú mẹ́wàá ló lè máa gbé ayé wọn láìṣubú mọ́.

5. Èyí tí ìfarapa fà

Ọ̀nà Challenge, Ring Road àti Ìwó Road ti fi ọ̀kadà kọ́ wa ní èyí. Orí tó fọ́ lè dákẹ́ fún wákàtí díẹ̀ kí ẹ̀jẹ̀ inú rẹ̀ tó fi ara hàn. Ẹni tí ọrùn rẹ̀ tàbí ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ́, bí a bá wọ́ ọ bí àpò ìrẹsì, tí a ká a sínú takisí, a lè fi ọwọ́ ara wa já mùdùnmúdùn tí ìṣubú náà kò tíì já. Pátákó títẹ́jú ni ká fi gbé e, kí ọrùn rẹ̀ má yí. Láti ọdún 1962 tí Latunde Odeku, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti dé UCH ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́ abẹ orí ní Ìbàdàn níbí.

6. Èyí tí ọjọ́ orí àti àtọ̀gbẹ fà

Àtọ̀gbẹ a máa jẹ iṣan àtẹ́lẹsẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Ẹni náà a tẹ ìṣó láìmọ̀, egbò a sì di ńlá. Ẹ má ṣe sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé kó ki ẹsẹ̀ bọ omi gbígbóná. Kò ní mọ̀ pé ó ń jó òun.

Iyè rírá àwọn àgbà náà wà. Láti ọdún 1992 ni Yunifásítì Ìbàdàn àti Yunifásítì Indiana ní Amẹ́ríkà ti fi àwọn àgbàlagbà Ìdíkàn, ní ìgboro àtijọ́ Ìbàdàn, wé àwọn ènìyàn dúdú Indianapolis. Àbájáde ọdún 2001 fi hàn pé nínú 100 ẹni tó ti pé ọdún 65 sókè, àrùn Alzheimer, tó jẹ́ olórí nínú oríṣi iyè rírá, ń mú 1.15 lọ́dún ní Ìdíkàn, ó sì ń mú 2.52 ní Indianapolis. Tiwa kéré, ṣùgbọ́n ó wà. Ìyá àgbà tó ń rìn lóru, tó ń dá sọ̀rọ̀, tó gbàgbé orúkọ ọmọ rẹ̀, tó ń jẹ́wọ́ ohun tí kò ṣe, aláìsàn ni. Bí ọmọ rẹ̀ bá wá bi wá léèrè bóyá àjẹ́ ni, ẹ̀mí ìyá náà ń bẹ lọ́wọ́ wa lọ́jọ́ náà. Kí a má fi ẹnu babaláwo ti arúgbó sínú iná.

Ọ̀rọ̀ lórí ewé

Ewé wa kì í ṣe ohun àmúṣeré. Raymond Prince, dókítà láti Kánádà tó ṣiṣẹ́ ní Arò, Abẹ́òkúta, kọ̀wé ní ọdún 1960 pé àwọn oníṣègùn Yorùbá ń fi asofẹ́yẹjẹ wo wèrè. Ohun tó wà nínú igi náà, reserpine, ni àwọn òyìnbó yọ láti ara ìbátan rẹ̀ ti Íńdíà ní ọdún 1952, tí wọ́n sì fi wo ẹ̀jẹ̀ ríru àti wèrè. Wọ́n tún rí i pé bí ó bá pọ̀ jù, ẹ̀jẹ̀ a wálẹ̀ jù, ìbànújẹ́ a wọlé, ara a sì máa gbọ̀n bí ti aláìsàn Parkinson. Nítorí náà, bí ẹni tí a ń fún ní asofẹ́yẹjẹ bá bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n, kí a má wá ọ̀tá rẹ̀ jìnnà. Bẹ́ẹ̀ náà ni èso wèrèpè ní levodopa nínú, ohun kan náà tí wọ́n fi ń tọ́jú Parkinson lónìí. Ìwọ̀n ló kù díẹ̀ káàtó: èso kan kò dọ́gba pẹ̀lú èkejì.

Èyí tí a gbọ́dọ̀ fi sílẹ̀ pátápátá ni àgbo ìtọ̀ màálù fún gìrì, tí wọ́n fi ewé tábà, áyù, ẹ̀fínrín, àlùbọ́sà, ọsàn wẹ́wẹ́ àti iyọ̀ òkúta sí. Àwọn dókítà Ìbàdàn ti ń kìlọ̀ rẹ̀ láti ọdún pípẹ́. Ó máa ń fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ ọmọ wálẹ̀, ó ń dín mímí rẹ̀ kù, ó ń dá gìrì mìíràn sílẹ̀. Ọmọ tí ibà lásán ì bá fi sílẹ̀ lè ti ibẹ̀ kú, tàbí kí ọpọlọ rẹ̀ bàjẹ́. Gìrì ni wọ́n ní kí ó wò, wárápá ni ó bí.

Kí ni kí babaláwo ṣe?

Àṣà wa ti pèsè ọ̀nà sílẹ̀. Bí Ifá bá sọ pé ibi ń bẹ, a kì í dúró níbẹ̀. A ó gbé ìbò sílẹ̀, a ó bèèrè lọ́kọ̀ọ̀kan: irú ibi wo ni, láti ibo ni, kí la ó fi tú u? Àwọn àgbà sì ti pín orísun àìsàn fún wa: àmútọ̀runwá wà, ti ìdílé wà, àfọwọ́fà wà, àfiṣe sì wà. Ẹni tó bá ti kọ́kọ́ pe gbogbo rẹ̀ ní àfiṣe ti ti ilẹ̀kùn mọ́ mẹ́ta yòókù. Ẹ jẹ́ kí a máa bèèrè nǹkan wọ̀nyí kí a tó gbé ọ̀pẹ̀lẹ̀:

(a) Ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀? Bí ó bá jẹ́ lójijì, tí ẹnu wọ́, tí apá rọ, tí ọ̀rọ̀ kò já geere, kí wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀. A lè dá Ifá fún un lẹ́yìn rẹ̀. Kí ẹnikẹ́ni má fún un ní àgbo, omi tàbí epo mu, nítorí ó lè gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ.

(b) Kí ló jẹ, kí ló mu, ta ni wọ́n jọ jẹ ẹ́? Bí ẹni méjì láti ilé méjì bá ní ohun kan náà, kí a fura sí oúnjẹ tàbí ọtí, kí a sì tètè sọ fún àwọn elétò ìlera.

(d) Ṣé ó ní ibà? Ṣé ọrùn rẹ̀ gan? Ṣé ó ṣubú? Oògùn wo ló ń lò, ewé wo ló ti mu?

(e) Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ńkọ́? Ìwọ̀n ẹ̀jẹ̀ ríru kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún. Ẹ̀rọ rẹ̀ kò wọ́n jù fún ilé awo láti ní.

A kò sọ pé kí a pa ẹbọ tì. Ẹbọ ń tún orí ẹni ṣe, ó ń kó ẹbí jọ yí aláìsàn ká, ó ń fún un ní ọkàn láti gba ìtọ́jú. Láti ọdún 1954 ni Thomas Adeoye Lambo ti mú àwọn oníṣègùn ìbílẹ̀ mọ́ra ní abúlé Arò, tí àwọn dókítà àti àwọn adáhunṣe jọ ń ṣiṣẹ́. Kò sí ẹni tó sọ iyì rẹ̀ nù nínú àwọn méjèèjì.

Ìgúnlẹ̀

Ẹ̀gbà ti inú ẹ̀jẹ̀ wá, ó ti inú àwo oúnjẹ wá, ó ti inú ìgò ọtí wá, ó ti ojú títì wá. Ọ̀pọ̀ ìlẹ̀kùn ni ajogun yìí ń gbà wọlé. Iṣẹ́ awo ni láti mọ èyí tó gbà, kí a lè tètè tì í. Àwọn tó kọ́ wa ní Ifá kò kọ́ wa pé kí a máa sọ ohun tí a kò tíì bèèrè. Bí oníbàárà bá gbé aláìsàn wọlé ní Àgbówó tàbí ní Dùgbẹ̀, tí a wò ó, tí a bi í léèrè, tí a sì sọ pé "ẹ máa gbé e lọ sí ọsibítù nísinsìnyí, ẹ padà wá bá wa fún ẹbọ," a ti ṣe iṣẹ́ Ọ̀rúnmìlà. Ẹni tó bá yè ló ń padà wá dúpẹ́.